Irin Tí Ń Dán Láàárín Ẹsẹ̀ Alùpùpù

Ẹ̀yin olùkàwé wa, bí ẹ bá wọ àgbàlá àwọn àgbààgbà kan ní Bódìjà tàbí ní ìhà Ring Road ní Ìbàdàn, tí ẹ sì rí ògbólógbòó alùpùpù kan tí a gbé ti ògiri, tí adìẹ fi ń ṣe ibùsùn, ẹ má ṣe wo ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí irin róbótó kan tí gbogbo sípókù ti ara rẹ̀ yọ jáde bí ìtànṣán oòrùn. Irin yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní họ́ọ̀bù. Òun ni ó ń yí lórí ọ̀pá irin tí ó dábùú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ ni bíréèkì wà. Ara rẹ̀ ni gbogbo sípókù so mọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ni ó wà nínú kí a nu họ́ọ̀bù kí ó dán, tí a ó fi pe àwọn ènìyàn jọ láti sọ ìtàn rẹ̀? Ìtàn wà níbẹ̀ o. Ní ibi kékeré yìí ni a ti lè rí bí irin òkèèrè ti ṣe dé ọwọ́ wa, bí a ti ṣe fi ọgbọ́n àtijọ́ tọ́jú irin tuntun, àti ibi tí ọgbọ́n náà ti já wa kulẹ̀. Ẹ ó sì rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ nìkan.

Ojú irin ni ó la ọ̀nà. Ní 1901 ni rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, ibùdó rẹ̀ sì wà ní ìhà Dùgbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ilé ìṣòwò ńláńlá bíi UAC, John Holt, CFAO àti SCOA ní ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rù ní àgbègbè náà. Kòkó àti èkùrọ́ ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó. Aṣọ, iyọ̀, páànù àti kẹ̀kẹ́ ológeere ń bá a bọ̀. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ni alùpùpù tẹ̀lé. Àwọn baba wa kò wá orúkọ rẹ̀ lọ sínú ìwé. Wọ́n gbọ́ bí ó ti ń ké, pù-pù-pù, igbe rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ kan tí àwọn tí ó dàgbà láàárín wa kò ní gbàgbé ni BSA. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1861. Ìbọn mẹ́ta tí a forí wọn ti ara wọn ni àmì wọn. Nígbà tí ogun bá rọlẹ̀ tí ìbọn kò tà, wọ́n ní láti wá ohun mìíràn fi irin rọ. Wọ́n bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ológeere, nígbà tí ó sì di 1910, wọ́n gbé alùpùpù tiwọn jáde. Èyí kò lè ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa náà mọ̀ pé Ògún kan ṣoṣo ni ó ni ìbọn ọdẹ, òun náà ni ó ni ọkọ́ àgbẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Hitler, ní 1948, BSA ṣe alùpùpù kékeré kan tí wọ́n pè ní Bantam. Kì í ṣe àwọn ará Birmingham ni ó ronú bí yóò ti rí. Alùpùpù àwọn ará Jámánì kan tí ń jẹ́ DKW RT 125 ni. Àwọn tí ó ṣẹ́gun ni ó gba àwòrán rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. Àwọn ará Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn láti inú àwòrán yìí. Ní 1955, Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáánù ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ rẹ̀, ibi kan náà ni ó sì ti wo àwòkọ́ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Bantam àti Yamaha tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú pópó, ẹ mọ̀ pé ọmọ baba kan náà ni wọ́n.

Àwọn wo ni ó ń gun alùpùpù ní ilẹ̀ wa láyé ìgbà náà? Àwọn tí iṣẹ́ wọn jìnnà sí ilé wọn ni: àwọn tí ń yẹ kòkó wò, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn oníwàásù tí ìjọ wọn fọ́n ká inú oko, àti àwọn alábòójútó ilé ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé ìwé hù ní abúlé tí mọ́tò kì í dé. Ẹni tí yóò bẹ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ wò ní láti ní ohun tí ó lè gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá. Ìlú Ìbàdàn náà ń gbòòrò: Yunifásítì ti wà láti 1948, Agbowó sì ń dàgbà sí ọ̀ọ́kán rẹ̀, lẹ́yìn 1958 tí a dá àjọ tí ń kọ́ ilé fún Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, Bódìjà di àdúgbò àwọn akọ̀wé. Láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀ kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀ fún ẹni tí agogo iṣẹ́ ń dúró dè.

Alùpùpù kì í ṣe ohun tí owó oṣù kan lè rà. Ẹlòmíràn fi ọ̀pọ̀ oṣù san gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ìlú sì ní ojú: ẹni tí ó bá gun alùpùpù ẹlẹ́rẹ̀ lọ sí ilé àna, wọn yóò ní kò lè tọ́jú aya. Gbogbo ara ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń nù, ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù ni a fi ń mọ aláápọn. Ojú kò tètè rí i, ọwọ́ kò sì rọrùn láti dé ibẹ̀ láàárín sípókù. Ẹni tí họ́ọ̀bù rẹ̀ bá ń kọ mànà, a mọ̀ pé ó ti jókòó tì í.

Kí ni wọ́n fi ń mú un dán? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀kọ́. Kí òyìnbó tó dé ni a ti mọ bí a ti ń fọ irin. Ẹ̀gbà idẹ, agogo idẹ, abẹ̀bẹ̀ idẹ ti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, gbogbo wọn ni ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn kíkúnná tàbí eérú ń fọ̀. Omi ọsàn kíkan ń jẹ àwọ̀ dúdú kúrò lára idẹ, iyanrìn sì ń bó ìyókù. Ọgbọ́n yìí kò já àwọn ìyá wa kulẹ̀ rí, ìdí rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: idẹ ni idẹ láti òkè dé inú. Bí ẹ bá ha díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ lónìí, idẹ mìíràn ni ẹ ó tún bá nísàlẹ̀.

Nígbà tí ó yá, Brasso dé. Ilé iṣẹ́ Reckitt ní ìlú Hull ni ó gbé e jáde ní 1905. Àwọn sójà àti ọlọ́pàá fi ń nu bọ́tìnì, wọ́n fi ń nu ìdè ìgbànú. Sójà tí kò bá lè rí ojú ara rẹ̀ nínú bọ́tìnì rẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí ọ̀gá yóò sọ. Àwọn ọmọ wa tí ó ja ogun Burma láàárín 1943 sí 1945 mọ àṣà ìnùdán yìí dáadáa. Àṣà náà bá irú wọn wọlé sí ẹnu iṣẹ́ ìjọba àti ilé ìwé. Kò sí àní-àní pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń nu bọ́tìnì kò ní wo họ́ọ̀bù tí ó ṣú níran.

Ṣùgbọ́n bọ́tìnì sójà, idẹ ni. Họ́ọ̀bù kì í ṣe idẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú ìran họ́ọ̀bù mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn alùpùpù àtijọ́, kí a wo ohun tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ́.

Èkíní ni irin tí a kùn ní ọ̀dà, dúdú ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí ó bá da Brasso sí irú èyí, ọ̀dà ni ó ń bó kúrò lára rẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun kíkúnná tí ń họ nǹkan wà nínú Brasso. Yóò dán lóòótọ́, nítorí irin ti yọ síta. Bí òjò bá pa á, yóò dógùn-ún. Omi, ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ rírọ̀ tó fún họ́ọ̀bù tí a kùn. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣí, ọ̀dà mìíràn ni ó fẹ́.

Èkejì ni irin tí a fi irin mìíràn bò lára. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Ó ń dán, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ ṣú, olówó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sinmi. Ní nǹkan bí 1924, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà tí ó dájú láti fi iná mànàmáná lẹ kúróòmù mọ́ irin. Kí 1930 tó dé, àwọn tí ń ṣe mọ́tò àti alùpùpù ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí kúróòmù kì í ṣú bíi níkẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ níhìn-ín. Kúróòmù ni ó wà lókè. Níkẹ́ẹ̀lì wà lábẹ́ rẹ̀. Irin wà lábẹ́ níkẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, kúróòmù tí ó wà lókè yẹn kì í sábà nípọn tó ìdá kan. Fọ́nrán irun orí kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Kúróòmù le, ṣùgbọ́n ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí wà lára rẹ̀. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń dé ara irin, ìpáàrà a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Àwọn àmì pupa tóótòòtó tí ẹ ń rí lára họ́ọ̀bù, láti inú ni wọ́n ti yọ. Bí ẹ bá fi iyanrìn tàbí wáyà líle ha wọ́n, ẹ ó kó ìpáàrà, ẹ ó sì kó kúróòmù tí ó ti ṣí létí ihò náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, omi kíkan náà yóò gba inú ihò lọ bá irin. Ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti idẹ nìyí: ohun tí ẹ ha kúrò, kò sí irú rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí ohun ìpara kankan tí ó lè dá a padà, àfi kí a tún gbé e lọ fún àwọn tí ń fi iná mànàmáná bo irin.

Ohun tí ó bá a mu ni bébà tí ń dán bíi fàdákà tí ó máa ń wà nínú páálí sìgá, tàbí irú èyí tí àwọn alásè fi ń di ẹja sun. Ẹ fún un pọ̀, ẹ tì í bọ omi, kí ẹ fi gbo ojú ìpáàrà náà jẹ́jẹ́. Alumíníọ́mù ni bébà náà. Ó rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò lè họ ọ́, síbẹ̀ ó ń gbá ìpáàrà kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ìda tí a fi ń kun mọ́tò pa á, kí omi má baà tètè rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Ẹ̀kẹta ni alumíníọ́mù fúnra rẹ̀. Irin yìí wọ́n bíi wúrà nígbà kan. Ní 1886, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí a bí ní ọdún kan náà, 1863, Hall ní Amẹ́ríkà àti Héroult ní ilẹ̀ Faransé, tí wọn kò bá ara wọn sọ ọ́, rí ọ̀nà kan náà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ jáde. Láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì tètè máa ń gbé ooru bíréèkì dànù. Nítorí náà ni àwọn alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún họ́ọ̀bù, tí àwọn ará Jàpáánù sì sọ ọ́ di ohun gbogbo ayé. Super Cub tí Honda gbé jáde ní 1958 pé 100 mílíọ̀nù ní 2017. Kò tíì sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn tí a ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tá alumíníọ́mù wà nínú ilé wa. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé bí a bá fi kánún se ẹ̀wà nínú ìkòkò alumíníọ́mù, inú ìkòkò náà yóò dúdú. Eérú àti kánún, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù sí i. Sódà ilé ọṣẹ burú ju méjèèjì lọ. Jíjẹ ni ó ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bu eérú sórí họ́ọ̀bù Honda nítorí pé ó rí i tí ìyá rẹ̀ fi fọ idẹ, ó ń fi òògùn orí wo ẹsẹ̀. Iyanrìn pẹ̀lú yóò fa á ya bí ọ̀bẹ. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́, omi, ohun ìpara tí a ṣe fún alumíníọ́mù, àti aṣọ àtijọ́ tí ó ti rọ̀, àwọn ni ó fẹ́.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, tí ẹ lè bá pàdé lára kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́. Wọ́n á fi awọ pẹlẹbẹ kan yí họ́ọ̀bù po, láàárín sípókù, kò ní fún, kò sì ní jábọ́. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti ń yí, awọ yóò rọ̀ sísàlẹ̀ nípa ìwúwo ara rẹ̀, họ́ọ̀bù yóò máa yí nínú rẹ̀, yóò sì máa nu ara rẹ̀ bí a ti ń lọ. Ó dára púpọ̀ ní ojú ọ̀nà tí ó mọ́. Ṣùgbọ́n eruku pupa ilẹ̀ wa, iyanrìn ni ó kún inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ń yọ awọ náà fọ̀ lóòrèkóòrè, yóò di ohun ìháà tí ń jẹ họ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́.

Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, sípókù 36 ni ó fa họ́ọ̀bù sí ìhà gbogbo. Bí gbogbo wọn bá fà á bákan náà, àárín ni yóò dúró. Bí díẹ̀ bá dẹ̀, àwọn ìyókù ni yóò ru ẹrù wọn, wọn yóò sì máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń fi aṣọ nu àárín wọn ń fi ọwọ́ kan ìkọ̀ọ̀kan, ó ń mọ èyí tí ó ti dẹ̀, ó sì ń rí ibi tí họ́ọ̀bù bá ti sán fẹ́ẹ́rẹ́ nídìí sípókù kí ó tó di ńlá. Ẹrẹ̀ ni ó ń bo irú àléébù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yóò fi wó nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n jókòó ti alùpùpù wọn ní ọ̀sán Sátidé ń wá ẹwà, ṣùgbọ́n ààbò ni wọ́n ń rí pẹ̀lú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìta họ́ọ̀bù ni a ń mú dán o. Inú rẹ̀ kì í ṣe ibi ìpara. Bí Brasso, ìda, gíríìsì tàbí epo bá kan ibi tí bíréèkì ti ń gbá họ́ọ̀bù mú, bíréèkì náà yóò máa yọ̀ ni. Ẹ tún gbọ́ èyí tí àwọn baba wa kò mọ̀ nígbà náà: asbestos wà nínú bíréèkì ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ tí ó lè fara pamọ́ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é pátápátá ní 1999. Bí ẹ bá ṣí họ́ọ̀bù àtijọ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ di aṣọ náà sínú ọ̀rá, ẹ dà á nù, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí. Bí ẹ bá sì gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fọ ọkọ̀ létí títì, ní Challenge tàbí níbikíbi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe dojú omi alágbára kọ àárín ẹsẹ̀. Omi náà yóò wọ ibi tí àwọn ọta irin kéékèèké tí a ń pè ní béárìn wà, yóò lé gíríìsì jáde, ẹsẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí mì.

BSA wó ní 1973. Alùpùpù Jàpáánù gba ojú títì. Nígbà tí ọrọ̀ ajé le lẹ́yìn 1986 tí mọ́tò kọjá agbára akọ̀wé, alùpùpù di ohun tí a fi ń kó èrò. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí a dá sílẹ̀ ní 1983, Okada Air, ni àwọn ènìyàn fi ṣe àpárá pè é, ó sì di ọ̀kadà títí di òní. Ọlọ́kadà tí ó jí ní agogo márùn-ún láti lọ dúró ní Agbowó kò ní àyè láti máa fi aṣọ wọ àárín sípókù, họ́ọ̀bù púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù ìsinsìnyí sì jẹ́ èyí tí a kùn ní dúdú. A kò gbọdọ̀ bá a wí nítorí ìdán. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún nu ẹrẹ̀ kúrò ní ìdí sípókù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òun àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ní ti àwọn ògbólógbòó tí ó ti ògiri, àwọn ọmọkùnrin tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti ra irin àlòkù ń wá wọn lójoojúmọ́. Alumíníọ́mù ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí àwọn tí ń rọ ìkòkò, bí irú àwọn ti ìlú Ṣakí, ń yọ́ ọ láti fi ṣe ìkòkò. Mi ò bú iṣẹ́ wọn. Ìkòkò tí a fi ń ro àmàlà kì í ṣe ohun àbùkù. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù tí ó bá ti wọ iná, kò sí ẹni tí yóò tún mọ̀ pé ó gbé olùkọ́ kan lọ sí ilé ìwé inú oko ní 1955.

Bí irú rẹ̀ bá wà ní ilé bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ bi bàbá léèrè nígbà tí ó ṣì lè dáhùn: ọdún wo ni ẹ rà á, ọwọ́ ta ni, kí ni ẹ fi ń nù ún, ibo ni ó gbé yín dé? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi àti ọṣẹ, ẹ mú aṣọ rírọ̀, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ lè mọ irú irin tí ó jẹ́. Kí ẹ tó mọ èyí, ẹ má ṣe gbé ohun ìpara kankan sún mọ́ ọn.